Ìwé Tó Dárúkọ Dioskora

Ní ìlú Pemje, tí odò bá ti kún tán, tí omi rẹ̀ sì ti ń fà, àwọn ará ilé bíṣọ́ọ̀bù máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ìwé náà ló máa ń sọ ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù yóò lọ ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ báyìí ti Ẹni Mímọ́ Serenu, ọjọ́ báyìí ti Ẹni Mímọ́ Eufemia, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí ọdún á fi yí po. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ nílùú wa ju ilé búrẹ́dì lọ. Tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá sí àdúgbò yín, ẹ ti di èèyàn nìyẹn. Tí kò bá wá, àwọn ará àdúgbò kejì á máa fi ẹ̀rín bi yín léèrè pé ta tiẹ̀ ni ẹni mímọ́ yín.

Ẹni Mímọ́ Dioskora la ní ní òpópó àwa amọ̀kòkò. Ọmọ amọ̀kòkò ni òun náà, láyé ìgbà tí ọba ń pa onígbàgbọ́. Wọ́n ní kó sun tùràrí síwájú ère ọba, ó ní èéfín ìléru bàbá òun ti tó òun fà símú. Ni wọ́n bá pa á. Abẹ́ pẹpẹ wa ni ibojì rẹ̀ wà. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò tóbi rárá. Tí gbogbo wa bá ti wọlé, tí ẹnì kan bá wúkọ́, ẹni tó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn á bọ́ síta. Ṣùgbọ́n tiwa ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a kó ara wa lọ síwájú ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bí a ti máa ń ṣe. Ọkùnrin kan tó gbọ́ Giriki ń ka ìwé náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwa tí a kò mọ̀wé. Ó kà á, ó kà á, ó kà á tán. Kò dárúkọ Dioskora.

"Tún un kà," Tekrompia wí.

"Mo ti kà á tán, ìyá."

"Mo ní kó o tún un kà. Bóyá ó sá pamọ́ sẹ́yìn Eufemia."

Ọkùnrin náà tún un kà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Eufemia.

Ó yẹ kí ẹ mọ Tekrompia. Opó Anup ni, òun ló sì ń dáná ìléru tí gbogbo òpópó wa fi ń sun ìkòkò. Èédú ti sọ apá rẹ̀ di dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé etí odò kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde nílé. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi Nonna, ìyàwó Surus, ni mo máa ń bá a lọ síbi tí kò yẹ ká lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó tú ìborí rẹ̀, ó fi di ìbàdí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

"Nonna, ká lọ."

"Síbo?"

"Sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́."

Timagenes lorúkọ akọ̀wé bíṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, eruku ìwé sì ti ba imú rẹ̀ jẹ́. Bó bá sọ gbólóhùn kan, á sín kó tó sọ èkejì. Ó jókòó sáàárín ìwé tó ga dé àjà.

"Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o," Tekrompia kí i. "Nítorí Ẹni Mímọ́ Dioskora la ṣe wá."

"Dioskora wo?"

"Nonna, ṣé o gbọ́? Ó ní Dioskora wo! Dioskora ti òpópó amọ̀kòkò ni, ọ̀gá."

Timagenes ṣí ìwé kan, ó tún ṣí òmíràn. "Mi ò rí i níbí."

"Ẹ ò lè rí i, nígbà tí ẹ ò kọ ọ́!"

"Mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí." Ó sín. "Ìyá, ẹ gbọ́ mi yé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá síbí. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan fi ilé ẹyẹlé hàn mí, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹyẹlé ṣì wà nínú rẹ̀!"

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Kò jìnnà."

"Ká lọ wò ó kọ́ ni ẹ̀rí lọ́fíìsì yìí. Ìwé ni ẹ̀rí. Ẹ bá mi wá ìwé Giriki kan tí wọ́n ti kọ tipẹ́, tó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí ẹ bá mú un wá lọ́la, màá fi yín kún un."

"Ọ̀gá, amọ̀kòkò ni wá. Ibo ni amọ̀kòkò ti fẹ́ rí ìwé?"

Timagenes sín lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ó nawọ́ sí ìlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé rò pé òun fi lé wa lọ ni Tekrompia gbé délé bí ìròyìn ayọ̀. Ó dúró láàárín òpópó, ó kígbe pé kí gbogbo èèyàn lọ wá ìwé. Ìwé èyíkéyìí, ó ní, tó bá ṣáà ti ní inki lára.

Háà, ẹ ò bá wà níbẹ̀! A yí òpópó náà po. A ò mọ̀ pé ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ó wà lẹ́nu ìgò òróró, tí wọ́n ká pọ̀ fi dí i. Ó wà nínú ìkùn bèbí ọmọ àbúrò ọkọ mi. Bí a ṣe tú ìkùn bèbí báyìí, tí ìwé bọ́ sílẹ̀, ni ọmọ náà figbe ta bí ẹni tí wọ́n pa ìyá rẹ̀. Ẹnì kan fi di kúmínì tó fi ń sebẹ̀. Ẹnì kan fi ìwé gbé ẹsẹ̀ ibùsùn tó kúrú; nígbà tó yọ ọ́, ọkọ rẹ̀ tó ń sùn lọ́wọ́ yí lulẹ̀. Ewúrẹ́ gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyàwó alámọ̀, a lé e yíká ìléru lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí a sì fi máa gbà á, ó ti jẹ iwájú rẹ̀ tán. Ẹ̀rín ń pa wá, a ò lè dúró ṣánṣán.

Ìyá Herais ló kó tirẹ̀ wá kẹ́yìn. Obìnrin àgbà yìí ń gbé pẹ̀lú Pamutio ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń da àwọn màlúù tó ń yí kẹ̀kẹ́ tó ń fa omi fún ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn odi. Pamutio ti hu ewú lẹ́bàá etí, kò tíì níyàwó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Tí Tekrompia bá kí i lójú ọ̀nà, màlúù ló máa ń kọjú sí kó tó dáhùn.

"Gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ọmọ mi nìyí," Ìyá Herais wí, ó da ìwé sínú agbọ̀n. "Mo ti rò ó títí pé kí ló ń fi ìwé ṣe, ẹni tí kò mọ álífà."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ kó o?" mo bi í.

"Ṣé ó ń sọ fún mi tó bá jẹ ẹja mi?"

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a gbé agbọ̀n náà lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, a gbéra. Mo ní àwa díẹ̀ la máa lọ, ṣùgbọ́n gbogbo òpópó ló tẹ̀lé wa, wọ́n ń kọrin Dioskora, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò Serenu yọjú lójú fèrèsé.

"Ta ló kú?" wọ́n bi wá.

"Ìgbéraga yín ló kú!" Tekrompia fèsì, ni a bá tún gberin.

Nígbà tí Timagenes rí wa, ó dìde dúró. Àwa tí a ráyè wọlé wọlé, àwọn yòókù kún ẹnu ọ̀nà. Tekrompia gbé agbọ̀n kalẹ̀ lórí tábìlì, eruku sọ.

"Ìwé nìyí, ọ̀gá."

Akọ̀wé sín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé àkọ́kọ́, ó tẹ́ ẹ, ó kà á sókè. "Fún jẹ̀díjẹ̀dí tó le: lọ ewé rúù pẹ̀lú oyin, kó o fi sí ojú ibẹ̀ ní alẹ́." Ó gbójú sókè. "Èyí kò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Ta ló ni ín?"

 Àlùfáà wa, Kollutu, rọra ń wo àjà, etí rẹ̀ sì ti pọ́n.

Ìwé tí ewúrẹ́ jẹ ló kàn. Timagenes gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. "Gbogbo ohun tó kù níbí ni 'ora'."

"Dioskora ni!" àwa tí a wà nínú ilé kígbe.

"Ó lè jẹ́ Teodora."

"Ṣé ẹ mọ Teodora kankan tí ewúrẹ́ máa fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀?" Tekrompia bi í. Akọ̀wé bo ẹnu rẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rín ń gbé e, ó kàn ń fi dídì di ara rẹ̀ mú ni.

Ó mú ẹ̀kẹta. Mo mọ ìwé yẹn: inú agbọ̀n ìyá ọkọ mi tó ti kú ni mo ti rí i. Timagenes kà á báyìí pé: "Sí ìyá mi, láti ọ̀dọ̀ Surus. Ṣáájú ohun gbogbo, mo gbàdúrà pé kí ara yín le. Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé jẹ. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ máa fi ẹja oníyọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹni tó gbé e wá fi í sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Ẹni Mímọ́ Dioskora, kí Nonna má bàa rí i."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níta bi àwọn tó wà nínú ilé léèrè ohun tí ìwé sọ. Nígbà tó dé etí wọn, àwọn náà bú.

"Surus!" mo pè é.

Ó ti ń fẹ̀yìn rìn lọ síbi ìlẹ̀kùn. "Ìyàwó mi, ó ti pẹ́! Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni!"

"Ìdí tó o fi máa ń lọ gbàdúrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tí èmi ń sọ fún ará ilé mi pé mo fẹ́ onígbàgbọ́!"

"Mo gbàdúrà náà! Mo máa ń gbàdúrà kí n tó jẹ ẹ́!"

Ó yẹ kí inú bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbé mi débi tí mo fi di tábìlì akọ̀wé mú kí n má bàa ṣubú. Tekrompia ò tilẹ̀ fún wa láàyè. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Ẹni Mímọ́ Dioskora. Ó wà nínú ìwé!"

Timagenes fi apá aṣọ nu ojú. "Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò sọ ìlú tó wà. Mo gbọ́ pé Dioskora kan wà lápá òkè odò." Ó nawọ́ sínú agbọ̀n, ó mú ìwé kékeré kan tí wọ́n ká pọ̀, tí kò ju ìka lọ.

Ibẹ̀ la wà tí ariwo fi sọ níta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, bí a ṣe wá gbọ́ ọ, ni pé Pamutio ti padà sílé láti ìdí kẹ̀kẹ́ omi, òun àti màlúù kan tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, kó lè bá a fi òróró ra ẹsẹ̀ náà. Ó rí àpótí rẹ̀ tó dojú dé. Ó ní, "Ìyá mi, ìwé inú àpótí mi dà?" Ìyá Herais, tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó bá wa lọ, ní òun ti kó o fún ṣọ́ọ̀ṣì. "Gbogbo rẹ̀?" "Gbogbo rẹ̀." Ni Pamutio bá ki eré mọ́lẹ̀ láìwọ bàtà, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dé itan. Màlúù tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun gbàgbé ẹsẹ̀, ó sáré tẹ̀lé e. Wọ́n la ọjà kọjá, wọ́n da ọ̀pọ̀tọ́ ẹnì kan nù, wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Serenu kọjá, àwọn ará ibẹ̀ sì sá wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn.

"Ẹ má kà á!" Pamutio ń kígbe bó ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má kà á!"

Kò mọ̀ pé akọ̀wé tó bá ti tú ìwé kì í lè dá ẹnu ara rẹ̀ dúró. Timagenes ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọlọ́run Ẹni Mímọ́ Dioskora, bó bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ pé kí n fi Tekrompia opó Anup ṣe aya, mú ìwé yìí jáde fún mi."

 Bí a ti ń bi ẹni mímọ́ léèrè nìyẹn. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Wọ́n á bá ọ kọ ìwé méjì, ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan bẹ́ẹ̀ kọ́. Àlùfáà á fi méjèèjì sórí ibojì, á gbàdúrà, á mú ọ̀kan jáde láìwò ó. Èyí tó bá mú ni ìdáhùn, òun lo sì máa gbé lọ sílé.

Pamutio dúró láàárín ilé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Màlúù ti orí bọ ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

Tekrompia yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìgbà wo lèyí?"

Pamutio sọ fún màlúù pé, "Ọdún tí omi wọ inú ìléru."

"Èmi ni mo bi ọ́, kì í ṣe màlúù."

"Ọdún tí omi wọ inú ìléru," ó tún wí, ó sì wò ó lójú. "O dúró sínú omi títí dé ìbàdí, ò ń bú omi náà pé kó padà síbi tó ti wá. Mo ní, irú obìnrin wo nìyí? Àlùfáà wa àtijọ́ tó ti kú ló bá mi kọ ọ́."

"Èyí tó mú jáde nìyí? Bẹ́ẹ̀ ni ló jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ló jáde."

"Pamutio!" Ohùn ti padà. "Ẹni mímọ́ dá ọ lóhùn, o wá gbé e sínú àpótí? Láti ìgbà yẹn?"

"Mò ń wá ọjọ́ tó dáa ni."

"Ta ló tún mọ̀?"

Pamutio rẹ orí sílẹ̀. "Màlúù nìkan."

Kò sí ẹni tó lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Surus jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àlùfáà Kollutu ń fi ọwọ́ gbá ògiri, màlúù náà sì ké. Timagenes tó ti ń di ara rẹ̀ mú láti àárọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sín, ó tún rẹ́rìn-ín, títí a ò fi mọ èwo lèwo. Ariwo yẹn ló mú bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ jáde láti yàrá inú, ọ̀pọ̀tọ́ tó jẹ kù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló mú màlúù wá sílé mi?"

A dojúbolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Timagenes ló ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì rò ó dáadáa, àfi ìgbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹja ni ó ní láti fi apá aṣọ bo ẹnu. Ó wá sọ pé, "Bàbá, mo béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n mú ìwé wá. Èyí fi hàn pé ibojì wà níbẹ̀, àlùfáà wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń béèrè, ẹni mímọ́ ń dáhùn. Ẹni tó béèrè àti ẹni tó béèrè nípa rẹ̀, àwọn méjèèjì ló dúró yìí, òpópó kan náà ni wọ́n sì ti wá. Mi ò tíì rí ìwé tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá rí."

Bíṣọ́ọ̀bù jẹ ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ tán. Ó wo Tekrompia. "Obìnrin, ọkùnrin yìí ń dúró. Kí ni ìdáhùn rẹ?"

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tiwa sílẹ̀ ná."

Ni bíṣọ́ọ̀bù náà bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ níṣojú wa, sí àárín oṣù Hator. Akọ̀wé kà á sókè fún wa lẹ́ẹ̀mejì, Tekrompia sì fi ojú rẹ̀ tẹ̀lé ìka akọ̀wé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá Pamutio, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún èédú.

"Mo ti gbọ́ ohun tó o sọ fún ẹni mímọ́. Mo ti gbọ́ èyí tó o sọ fún màlúù. Bi mí léèrè wàyí."

Ó bi í. Àwa tí a wà lẹ́bàá wọn ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n a rí àmì ìka márààrún ní àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tí Tekrompia jọ̀wọ́ rẹ̀, a sì gbọ́ ìdáhùn, torí pé Tekrompia ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé àdúgbò Serenu.

Kí ọjọ́ wa tó pé, a fi ẹfun kun ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. A gbá òpópó títí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń dán. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú àwọn díákónì rẹ̀ àti àwọn tó ń gbé àtùpà, wọ́n rí i pé àga rẹ̀ kò lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Wọ́n gbé e níwájú, wọ́n gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó kọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wò ó, ó ní kí wọ́n gbé àga náà sáàárín òpópó, kí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ kí Dioskora lè máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe ìsìn níta, láàárín ìkòkò tí a tò síbẹ̀ kó gbẹ, àwọn èèyàn sì kún orí òrùlé. Pẹ́pẹ́yẹ ẹnì kan rìn gba àárín àwọn díákónì kọjá, kò yára rárá, kò sì sẹ́ni tó lé e.

Lẹ́yìn ìsìn, bíṣọ́ọ̀bù so Tekrompia àti Pamutio pọ̀. A pín búrẹ́dì, àkàrà olóyin àti wáìnì. Ìyá Herais jó títí a fi ní láti gbé e jókòó, ó sì tún dìde. Surus gbé àwo ẹ̀wà kan fún mi, ó ní òun ló sè é. Ó jóná. Mo jẹ ẹ́ tán.

Tekrompia ni kò jó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìléru rẹ̀, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, mi ò rí ọwọ́ yẹn bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ bá a.

"Kí ló dé tó o jókòó?"

"Jókòó tì mí," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Nonna, bá mi di ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ayọ̀ yìí ṣe."

Mo dì í mú. Pamutio ń bọ̀ láàárín èrò, ó gbé ife wáìnì méjì lọ́wọ́, wọ́n ń dà sí i lára, ó sì ń sọ̀rọ̀ sókè láti òkèèrè kó tiẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa.